ALÁKÀN TÍ A DÁ PADÀ SÓMI: ÌPÍN ẸNI TÍ KÒ SÍ NÍLÉ

 

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. A sábà máa ń pa òwe yìí fún ẹni tó bá ń lọ gbé ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, kó lè la ojú rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Òwe rere ni, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí mo fẹ́ kí a yí i sí apá kejì wò. Bí alákàn bá ń fi ojú ṣọ́ orí ara rẹ̀, kí ni ọmọ ènìyàn fi ń ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ nígbà tí alákàn bá ti wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì wò ó? Kí ló yẹ kí a mú, kí ló yẹ kí a dá padà, ta ni a sì ń dá a padà fún?

Ìbéèrè yìí kan gbogbo ohun tí à ń kó jọ láyé, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti rí i pé ó fojú hàn kedere jù ni etíkun tútù kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń mú alákàn, tí wọ́n ń rà á láàyè, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́ ní títun. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kì í jẹ alákàn nítorí ẹ̀sìn tàbí nítorí èèwọ̀ ìdílé. Kí irú wọn fi ohun mìíràn tí wọ́n ń jẹ rọ́pò rẹ̀ bí wọ́n bá ti ń kà á. Ọ̀rọ̀ náà kò ní yí padà.

ILẸ̀ TÚTÙ, OMI TÚTÙ

Ní ìkángun àríwá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni ìpínlẹ̀ Washington wà. Kì í ṣe ìlú Washington tí olórí wọn ń gbé ni mò ń wí o. Ìyẹn wà lápá ìlà-oòrùn. Òkun Pàsífíìkì ya wọ inú ilẹ̀ níbẹ̀, ó sì gba àárín Amẹ́ríkà àti Kánádà kọjá. Ní etí omi yìí ni ilẹ̀ iyanrìn tóóró kan ti nà jáde sínú omi bí ìka ọwọ́. Ní ọdún 1792, George Vancouver, ọ̀gá atukọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní ó jọ ibì kan tí wọ́n ń pè ní Dungeness ní etíkun Kent nílé wọn, ó sì fi orúkọ ibẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tó yá, orúkọ ilẹ̀ náà di orúkọ alákàn tó wà nínú omi rẹ̀. Títí di òní, alákàn Dungeness ni wọ́n ń pè é láti Alaska títí dé California.

Omi ibẹ̀ tutù nini, kódà nígbà tí oòrùn bá mú. Ibẹ̀ ni alákàn yìí fẹ́ràn. Ó tóbi, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ lè fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀, ó pọ́n díẹ̀. Bí ó bá sì dé inú omi gbígbóná, a di pupa rúsúrúsú.

Ìgèrè tí wọ́n fi ń mú un kì í ṣe ti igi tàbí ọparun bí ti àwọn apẹja wa. Irin ni egungun rẹ̀, wáyà sì ni wọ́n hun yí i ká. Wọ́n á so orí ẹja tàbí itan adìẹ mọ́ inú rẹ̀ fún ìjẹ, wọ́n á so okùn gígùn mọ́ ọn, wọ́n á sì sọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ omi. Nǹkan kan tó ń léfòó lórí omi, tí ìdajì rẹ̀ pupa tí ìdajì rẹ̀ funfun, ni yóò máa fi ibi tó wà hàn. Òfin ní kí orúkọ àti àdírẹ́sì olówó rẹ̀ wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, wọ́n á padà wá fà á sókè, a ó sì wá mọ ohun tí omi fi ṣe wọ́n lóore.

Ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ ojú omi tàbí ìgèrè lè rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Nínú táǹkì omi tútù ni wọ́n ń kó o sí láàyè. Ìdí rẹ̀ kò ju pé ẹran alákàn máa ń yára bàjẹ́ tó bá ti kú. Oníbàárà á nàka sí èyí tó wù ú, wọ́n á mú un jáde, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá gbé e délé, wọ́n á sè é nínú omi oníyọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Wọ́n á ṣí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á yọ àwọn nǹkan bí ìyẹ́ tó fi ń mí dànù, wọ́n á fọ́ apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì máa fi ẹran funfun inú rẹ̀ kan bọ́tà yíyọ́. Ẹnu ọmọ Yorùbá lè máa wá ata kiri níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́ tí yóò ní kò dùn.

ÌWỌ̀N

Kì í ṣe gbogbo èyí tó bá wọ ìgèrè ni wọ́n lè gbé lọ sílé. Nínú omi Puget Sound àti èyí tó so mọ́ ọn ní ìpínlẹ̀ Washington, ẹni tó ń mú alákàn fún jíjẹ ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Kò gbọdọ̀ ta á. Akọ nìkan ló lè mú. Èèpo ẹ̀yìn akọ náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 6¼, bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n láìka ẹ̀gún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Èèpo náà gbọ́dọ̀ le, nítorí alákàn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ èèpo àtijọ́ sílẹ̀, omi ló kún inú rẹ̀, ẹran rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ mú ju 5 lọ lójúmọ́, bí ó bá sì ti fi ọ̀kan sílẹ̀ láti gbé lọlé, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú káàdì tí ìjọba fún un lójú ẹsẹ̀.

Kò ṣòro láti mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Wọ́n á dojú rẹ̀ sókè, wọ́n á wo èèpo tó bo ikùn rẹ̀. Ti akọ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣe ṣóńṣó; ti abo fẹ̀, ó rí róbótó. Abo kan lè gbé ẹyin tó mílíọ̀nù 2.5 sábẹ́ ikùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Akọ náà ti lè di bàbá ọmọ kí ó tó fẹ̀ tó íǹṣì 6¼. Nítorí náà, ẹni tó dá abo àti kékeré padà ti jẹ́ kí ìran alákàn náà máa lọ.

Ohun méjì tún wà lára ìgèrè náà fúnra rẹ̀. Èkíní ni ihò róbótó tí wọ́n fi sílẹ̀ lára rẹ̀, kí alákàn kékeré lè gba ibẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Èkejì ni èyí tó jọ mí lójú jù lọ. Òfin ní kí wọ́n fi okùn òwú lásán di ibì kan lára ìgèrè náà. Ìdí rẹ̀ ni pé ìgèrè máa ń sọnù. Okùn lè já, ìjì lè gbé e lọ. Ìgèrè tó sọnù kò sì mọ̀ pé òun ti sọnù. Yóò máa mú alákàn lọ ni, àwọn tó kú sínú rẹ̀ yóò sì di ìjẹ fún àwọn mìíràn tí yóò tún wọlé. Ṣùgbọ́n òwú yóò jẹrà nínú omi. Bí ó bá ti jẹrà, ojú ìgèrè yóò ṣí, ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò sì rìn jáde lọ. Ẹni tó so òwú yẹn ti ronú nípa ọjọ́ tí òun kò ní sí níbẹ̀ láti tú u.

TA NI Ń WÒ Ó?

Ẹ jẹ́ kí a wá bi ara wa léèrè. Ẹnì kan wà lórí omi ní ìdájí, òtútù ń mú un, ó ti sun epo ọkọ̀. Ó fa ìgèrè sókè, ó rí abo ńlá kan tí ẹran rẹ̀ kún. Omi gbòòrò, òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè wà níbi gbogbo. Kí ló dé tí yóò fi dá a padà?

Ẹni kìíní lè ní nítorí òfin ni. Òótọ́ ni pé òfin wà, owó ìtanràn sì wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé ìbẹ̀rù òfin nìkan ló ń dá a dúró, ọjọ́ tó bá dá a lójú pé ẹnikẹ́ni kò wò ó ni yóò kó gbogbo rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ìwà, àyè ni kò tíì rí.

Ẹni kejì lè ní nítorí ọ̀la ara rẹ̀ ni: bí ó bá kó gbogbo rẹ̀ tán lónìí, kí ni yóò jẹ lọ́dún tó ń bọ̀? Èyí dà bí ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ alákàn tó bá jáde láti inú ẹyin kì í dúró síbi tí ìyá rẹ̀ wà. Ó kéré púpọ̀, ìgbì omi á sì máa gbé e kiri fún oṣù mélòó kan kí ó tó balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi níbòmíràn. Lẹ́yìn èyí, yóò tó nǹkan bí ọdún mẹ́rin kí akọ tó tó ìwọ̀n. Ìgèrè ta ni yóò wọ̀? Ti àjèjì tí ẹni tó dá ìyá rẹ̀ padà kò mọ̀ rí. Bí ó bá jẹ́ pé èrè ara ẹni nìkan là ń wá, ìdáhùn mìíràn ni ọkàn ọmọ ènìyàn máa ń fún un: bí n kò bá mú un, ẹlòmíràn á mú un. Gbólóhùn yìí ti ba odò jẹ́, ó ti ba igbó jẹ́, ó ti ba àpò ẹgbẹ́ jẹ́. Ẹni tó sọ ọ́ kò purọ́ pátápátá, nítorí ẹlòmíràn lè mú un ní tòótọ́. Ohun tí kò rò ni pé òun gan-an ni ẹlòmíràn tí ẹnìkejì rẹ̀ ń sọ.

Mo rò pé ìdáhùn tòótọ́ wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ ilé wa. Nínú ilé Yorùbá, kí wọ́n tó bu ọbẹ̀ tán, ìyá ilé á bèèrè pé ta ni kò tíì dé. Wọ́n á bu tirẹ̀ sínú abọ́, wọ́n á dé e mọ́lẹ̀. Kì í ṣe pé ẹni náà wà níbẹ̀ tó ń jà fún un. Kò sí níbẹ̀, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí wọ́n fi ń bu tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó wà nílé lè fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò sí nílé, ìwà àwọn tó wà nídìí ìkòkò nìkan ni agbẹjọ́rò rẹ̀. Alákàn tí a dá padà sómi, ìpín ẹni tí kò sí nílé ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń rà lọ́jà pẹ̀lú. Kò lè sọ pé owó òun lòun san, òun kò mọ bí wọ́n ṣe mú un. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí yóò ra èyí tí kò tó ìwọ̀n, apẹja yóò mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

ÀWỌN ONÍLẸ̀

Ṣùgbọ́n ẹnì kan lè wọn gbogbo alákàn rẹ̀ dáadáa kó sì tún jẹ́ pé ìpín onípìn-ín ló ń jẹ. Ìtàn Dungeness fúnra rẹ̀ fi èyí hàn.

Kí Vancouver tó dé ni àwọn ẹ̀yà S'Klallam ti wà níbẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ wọn ni àwọn alágbára ènìyàn. Omi yẹn ni oko wọn. Ní ọjọ́ 26, oṣù kìíní, ọdún 1855, ìjọba Amẹ́ríkà bá àwọn àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ṣe àdéhùn níbi tí wọ́n ń pè ní Point No Point. Ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ pọ̀ jọjọ, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n di mú: ẹ̀tọ́ láti máa pẹja níbi tí wọ́n ti ń pa á láti ìgbà àwọn baba wọn, kí àwọn àti àwọn àlejò jọ máa pa á. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀: wọn kò lé àlejò, wọ́n ní kí a jọ jẹ ẹ́ ni.

Àwọn àlejò wá pọ̀ sí i, wọ́n gba ilẹ̀, wọ́n sì gba omi. Ìjọba ní kí àwọn S'Klallam kó lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní Skokomish, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lọ. Ní ọdún 1874, àwọn ìdílé kan tí James Balch ṣe olórí wọn dáwó jọ. Dọ́là 500 ni, owó wúrà, wọ́n sì fi ra éékà 210 nítòsí Dungeness. Ẹ gbọ́ o: owó ni wọ́n fi ra ilẹ̀ baba wọn padà lọ́wọ́ àlejò. Jamestown ni wọ́n sọ ibẹ̀, wọ́n sì wà títí di òní.

Ní ọdún 1974, Adájọ́ George Boldt dájọ́ pé ọ̀rọ̀ tó wà nínú àwọn àdéhùn 1855 yẹn ṣì múlẹ̀, àti pé àwọn onílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìdajì ẹja tó bá ṣeé pa níbi tí wọ́n ti ń pa á láti ọjọ́ pípẹ́. Inú bí ọ̀pọ̀ àwọn apẹja aláwọ̀ funfun, ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi ọwọ́ sí kókó ẹjọ́ náà ní 1979. Ní 1994, Adájọ́ Edward Rafeedie sọ pé àdéhùn náà kan alákàn àti àwọn ohun inú omi mìíràn tó ní èèpo. Láti 1855 sí 1994 jẹ́ ọdún 139. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìpín onílé wà nínú ìwé, kò sí nínú abọ́.

Àwa tí à ń gbé ilẹ̀ onílẹ̀ kò gbọdọ̀ ka èyí bí ìtàn òyìnbó lásán. Onílé lè wà níwájú wa kó sì dà bí ẹni tí kò sí nílé, nítorí pé a kò gbọ́ èdè rẹ̀, tàbí pé owó tiwa ti pọ̀ ju tirẹ̀ lọ, tàbí pé àwọn ọmọ wa ti kàwé ju tirẹ̀ lọ.

ALÁKÀN FÚNRA RẸ̀

Ẹnì kan tún wà tí kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, òun ni alákàn náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kì í mọ ìrora. Ní Queen's University ní Belfast, Robert Elwood àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan tẹ ìwádìí kan jáde ní 2013. Wọ́n fún alákàn etíkun ní ibi ìfarapamọ́ méjì. Bí ó bá wọ ọ̀kan, iná mànàmáná díẹ̀ á gbá a, bí ó bá wọ èkejì, kò ní sí nǹkan kan. Kò pẹ́ tí àwọn alákàn náà fi ń yà fún ibi tí iná wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi òkùnkùn yẹn ni ara wọn fẹ́. Ní Switzerland, láti 2018 ni òfin ti ní kí wọ́n má ṣe sọ ọ̀kàṣà ńlá inú òkun sínú omi híhó láàyè láìkọ́kọ́ mú kó dákú. Ní 2022, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka alákàn mọ́ àwọn ẹranko tó lè mọ ìrora àti ìgbádùn.

Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ alákàn. Àwọn Mùsùlùmí nínú wa mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ pa ẹran gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀. Ìwà kan náà ni. Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lè kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ mímú là á sí méjì kíákíá kó tó gbé e kaná, kì í ṣe kó sọ ọ́ sínú omi híhó kó máa wò ó bí ó ṣe ń jà. Ohun tí a fẹ́ jẹ kò di òkúta nítorí pé a ti sanwó rẹ̀.

BÍ OMI BÁ GBÓNÁ Ń KỌ́?

Ẹnì kan lè wá sọ pé gbogbo ìwọ̀n yìí, kí ló dà? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Lókè pátápátá, nínú òkun Bering láàárín Alaska àti Rọ́ṣíà, alákàn mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní snow crab. Níbẹ̀ pẹ̀lú, akọ nìkan ni wọ́n ń mú, ìjọba ló sì ń sọ iye tí wọ́n lè mú. Ní sáà 2020 sí 2021, mílíọ̀nù 45 páùn ni. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ó já sí mílíọ̀nù 5.6. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, wọ́n ti omi náà pa fún un pátápátá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Nǹkan bí bílíọ̀nù 10 alákàn ló pòórá láàárín 2018 sí 2021. Ìwádìí tó jáde nínú ìwé Science ní 2023 sọ pé òkun tó gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní 2018 àti 2019 ló fà á. Ooru mú kí ara alákàn máa béèrè oúnjẹ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, oúnjẹ kò sì tó. Ebi ló pa wọ́n. Wọ́n ṣí omi náà padà ní 2024, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n fọwọ́ sí kò tó mílíọ̀nù 5 páùn.

Ní erékùṣù St. Paul nínú òkun yẹn, ènìyàn bí 400 ló ń gbé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Unangan. Owó alákàn ni ìlú wọn fi ń dúró. Ní 2022, wọ́n kéde pé ìlú àwọn wà nínú pàjáwìrì. Àwọn apẹja tó ń mú alákàn lágbègbè wọn ń wọn tiwọn. Èéfín tó ń mú ayé gbóná, ìlú ńláńlá tó jìnnà ló ti wá jù.

Ṣé a wá lè sọ pé asán ni dídá alákàn padà? Mo rò pé rárá. Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé ìwọ̀n náà kò dé ibi gbogbo tó yẹ kó dé. Nígbà tí àwọn ìlú ńlá ń sun epo, àwọn ará St. Paul kò sí nílé, ẹnikẹ́ni kò sì bu tiwọn sílẹ̀. Àwọn díẹ̀ ló ń pa ìpín mọ́, àwọn púpọ̀ kò bèèrè pé ta ni kò tíì dé.

Ìdáhùn kejì tún wà. Ìyá tó dé oúnjẹ mọ́lẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kò ní ìdánilójú pé ọmọ náà yóò dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọkọ̀ lè bàjẹ́ lọ́nà, oúnjẹ náà lè kan. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ ìpín ọmọ náà nítorí pé bóyá kò ní dé, ọ̀rọ̀ ti yí padà nínú ilé yẹn. Ọmọ tó bá wá dé lóòótọ́ yóò mọ̀ pé wọn kò retí òun.

Mi ò gbàgbé ẹni tí ebi ń pa. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún oúnjẹ lónìí kò yẹ ní ẹni tí a ó máa wàásù ìwọ̀n fún. Ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi, tó ní fíríìjì, tó ní owó lápò ni kó kọ́kọ́ gbé ìwọ̀n lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé tálákà nìkan là ń wọn alákàn rẹ̀, tí olówó ń kó tirẹ̀ lọ, ìyẹn kì í ṣe ìwà, ìrẹ́jẹ ni.

ÀWA TÍ A WÀ NÍ Ẹ̀YÌN ODI

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ẹni tó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé tó àwa. Àwa gan-an ni ẹni tí kò sí nílé. Nígbà tí wọ́n bá ń pín ilẹ̀ ìdílé ní Ìbàdàn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà tàbí ní Ìjẹ̀bú, àwa kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó sọ pé ẹ fi ti àbúrò mi tó wà lẹ́yìn odi sílẹ̀, òun ló dá alákàn padà sómi nítorí wa. Bí ẹnì kan bá sì wà nínú wa tí wọ́n jẹ ìpín rẹ̀ tán nílé kí ó tó dé, ó mọ bí ó ṣe ń rí lára. Kò yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe é fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, níbi tí a ń gbé yìí, ẹ jẹ́ kí a máa bèèrè pé ta ni kò sí nídìí ìkòkò. Bí ẹgbẹ́ bá gbẹ́ kànga, kí ọmọ onílẹ̀ àdúgbò náà rí omi pọn níbẹ̀. Bí a bá ra ilẹ̀, kí ó jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín ní tòótọ́, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó yára tà á nítorí pé onílé kò mọ̀wé. Bí a bá ń ná owó ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí, tí wọn yóò tún wá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ yìí lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tó bá sì di ipò mú nínú ẹgbẹ́, kó fi òwú di ojú ìgèrè rẹ̀. Kí ìwé ìṣirò owó wà níbi tí ọwọ́ àwọn tó kù lè tó o, kí àṣẹ ní ọjọ́ tí yóò parí, kó lè jẹ́ pé bí òun kò bá sí mọ́, nǹkan ẹgbẹ́ kò ní há mọ́ ibi tó fi í sí.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló ti kọjá sí òkè òkun báyìí, àwọn mìíràn sì ń bọ̀ lọ́nà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dé etíkun tútù yẹn lọ́jọ́ kan, tó fa ìgèrè sókè, tó sì dojú alákàn sókè wo ikùn rẹ̀ kó tó sọ ọ́ padà sómi, mo fẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe òfin òyìnbó nìkan lòun ń tẹ̀ lé. Ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ ń ṣe nídìí ìkòkò ni.

Olódùmarè kò ní jẹ́ kí wọ́n jẹ ìpín wa lẹ́yìn wa, kò sì ní jẹ́ kí a jẹ ìpín ẹlòmíràn. Ọdún á yabo fún gbogbo wa o. Àṣẹ.